Ẹ gbà mí: bendix kò fẹ́ jáde lára kíkì katakata mi

Ẹ̀yin ọ̀gá mẹkáníìkì, ẹ kú iṣẹ́ o. Òṣogbo ni mo wà. Massey Ferguson 135 tí bàbá mi fi sílẹ̀ ni mo fi ń roko, ẹ́ńjìnnì Perkins onísílíńdà 3. Bí mo bá yí kọ́kọ́rọ́, kíkì, ìyẹn mọ́tò kékeré tó ń jí ẹ́ńjìnnì, á máa yí fòò, ẹ́ńjìnnì ò ní mira. Mo ti ṣáájì bátìrì, mo nu orí rẹ̀, kò yàtọ̀.

Mo wá tú kíkì sílẹ̀. Eyín flywheel, irin ńlá róbótó tí kíkì máa ń yí láti jí ẹ́ńjìnnì, ṣì dá ṣáṣá, ṣùgbọ́n bendix, gíà kékeré orí kíkì tó máa ń jáde lọ kọ́ eyín flywheel, ń yí síwá sẹ́yìn lọ́wọ́ mi, bẹ́ẹ̀ apá kan ṣoṣo ló yẹ kó máa yí sí. Mo ti ra tuntun. Mo ka eyín ti àtijọ́ àti ti tuntun, iye wọn bára mu.

Ibi tí mo há sí nìyí: òrùka wáyà kékeré kan ló dá bendix dúró lórí ọ̀pá, irin róbótó kan sì bò ó mọ́lẹ̀. Mo da dísẹ́ẹ̀lì sí i mọ́jú, mo fi páìpù gbá irin náà sẹ́yìn, kò sún rárá. Òjò ti dé, mi ò sì tíì kọ ilẹ̀ àgbàdo mi.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n fi iná mú irin róbótó yẹn gbóná ni, àbí ọgbọ́n mìíràn wà tí màá fi yọ òrùka náà láìba ọ̀pá jẹ́?