Ẹ gbà mí o: òṣùwọ̀n láàbù tí mo lè rí rà kó tó di ọjọ́ Ajé

ỌmọAlárè: Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́. Òṣùwọ̀n láàbù wa kú lánàá, àwọn tó ń yẹ láàbù wò sì ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Èwo ni kí n rà? Ìjẹ̀bú-Òde ni mo wà. Owó ò pọ̀ lọ́wọ́.

ÌyáLáàbù_Ṣágámù: Kí lẹ fẹ́ máa fi wọ̀n? Leishman nìkan, aró tá a fi ń kun ẹ̀jẹ̀ ká tó yẹ̀ ẹ́ wò, 0.15 g lẹ máa pò mọ́ 100 ml methanol. Bí òṣùwọ̀n bá fi 0.01 g péré ṣì í, ó ti lé ní ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn. Èyí tó ń ka 0.001 g ni kẹ́ ẹ wá, kó ní ilé gíláàsì tó ń dí atẹ́gùn.

Baba_Ìkẹ́nnẹ́: Àbúrò, má ra tòkunbọ̀ láyé ẹ! Mo ra ọ̀kan l'Ékòó. Ní ṣọ́ọ̀bù, 0.000 ló dúró sí, jẹ́ẹ́ bí ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé. Mo gbé e délé, mi ò tíì gbé nǹkan kan lé e: 0.003, 0.008, 0.014, ó ń gùn lọ. Wéètì 100 g tí wọ́n fi ṣe ẹ̀ní, mo yí i padà, ìdí ẹ̀ ń dán ju ara tó kù lọ. Wọ́n ti fi sandpaper ha ìpẹta kúrò! Mo ti fi ṣe calibration, ìyẹn títún òṣùwọ̀n ṣe kó lè ka déédéé, kí n tó rí i. Gbogbo ohun tí mo wọ̀n lóṣù yẹn ló ń ka sókè.

Adé_Ìpẹru: Olè ni wọ́n! Ṣọ́ọ̀bù wo ni?

Baba_Ìkẹ́nnẹ́: Mi ò ní dárúkọ.

Moréníkẹ́: Irú ẹ̀ ṣe àwa náà. A ò rí owó gbà padà títí dòní.

Ọ̀gá_Wéètì: Èkó ni wọ́n ti ṣe calibration fún yín? Ibi tí ẹ bá ti máa lò ó lẹ ti ń ṣe é, òòfà ilẹ̀ tó ń fa nǹkan wálẹ̀ ò dọ́gba níbi gbogbo.

Adé_Ìpẹru: Òòfà ilẹ̀ wo? Èkó sí Ìkẹ́nnẹ́? Kòtò ojú ọ̀nà ló ṣe é!

ÌyáLáàbù_Ṣágámù: Òòfà ilẹ̀ kọ́ ló ń mú kí nọ́ńbà máa gùn. Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ tàn án sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kẹ́ ẹ tó lò ó? Ṣé fáànù ò sí lórí?

Baba_Ìkẹ́nnẹ́: Fáànù wà. Ṣé kí n máa làágùn ni?

ÌyáLáàbù_Ṣágámù: 😂

Ìyá_Ìbejì: Ó wà lọ́jà Òkè-Ajé o, èyí tó ní abọ́ fún ọmọ ìkókò.

Ọ̀gá_Wéètì: Ìyá, ti láàbù ni wọ́n ń wá. ỌmọAlárè, M1 àti F1 ni ìpele bí wéètì ṣe péye tó. Wéètì M1, wọ́n gbà kó fi 5 mg yàtọ̀ sí 100 g. F1, ìdajì mg péré. F1 tó ní ìwé ni kẹ́ ẹ rà. Ẹ má fọwọ́ lásán mú un, òróró ìka ń wúwo.

ỌmọAlárè: Ẹ ṣé gan-an. Láàbù kan ń kógbá sílé l'Ágọ̀-Ìwòyè, mo ti ra tiwọn.

Baba_Ìkẹ́nnẹ́: Tòkunbọ̀?!

ÌyáLáàbù_Ṣágámù: Wéètì ẹ̀ ńkọ́?

ỌmọAlárè: Wọ́n ní àwọn máa bá mi wá a. Mo ti tàn án báyìí, 0.002 ló ń ka, ó tún di 0.005. Ṣé kò burú?

ÌyáLáàbù_Ṣágámù: Pa fáànù.