Dunwich ní Suffolk: ibo ni gbogbo ìlú yẹn wọlé sí?

BàbáTìtí_Ipswich

Ẹ̀yin ará wa, ẹ kú ilé o. Ẹ jọ̀ọ́ mo ní ìbéèrè kan, pàápàá fún ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ ní Suffolk níbí. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́wàá, wọ́n fún un níṣẹ́ ní sùkúù pé kó mú ìlú tàbí abúlé kan ní etíkun Suffolk kó sì kọ ìtàn ibẹ̀, òun ló lọ mú Dunwich torí ó kà á pé ìlú ńlá ni, pé ó ní èbúté, ó ní ṣọ́ọ̀ṣì lóríṣiríṣi, ó tiẹ̀ ń rán aṣòfin méjì lọ sí London. Mo ní ó da. Sátidé tó kọjá a wọ ọkọ̀ ojú irin láti Ipswich, a sọ̀ ní Darsham, a gba takisí débẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, kí ni mo rí? Títì kan, ilé díẹ̀, ilé ọtí kan, ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan, àti mùsíọ̀mù kan tí wọ́n ti tì nígbà tá a fi débẹ̀. Ó tán. A rìn lọ sétí òkun, òkúta wẹ́wẹ́ lọ súà, omi rẹ̀ dà bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí. Ọmọ náà dúró, ó wo ọ̀tún wo òsì, ó ní "Dádì, ìlú náà dà?" Mi ò rí èsì fún un, ó sì ń dùn mí títí di ìsinsìnyí torí ó ti múra ọ̀rọ̀ yẹn gan-an.

Ṣé òótọ́ ni pé ìlú wà níbẹ̀ rí? Kí ló ṣẹlẹ̀ sí i? Tẹ́ ẹ bá sì mọ ibòmíì nítòsí tó lè fi kún iṣẹ́ rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ sọ fún mi.

ÀǹtíLowestoft

Ẹ kú iṣẹ́ òbí o, Bàbá Tìtí. Òótọ́ ni, ìlú náà wà, abẹ́ omi ló wà. Ibi tẹ́ ẹ dúró sí yẹn, òkun tẹ́ ẹ̀ ń wò níwájú yẹn gan-an ni ìlú, ibẹ̀ ni ọjà wà, ibẹ̀ ni ilé àti títì wà, ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wà. Ní 1086 tí ọba William ní kí wọ́n ka ilẹ̀ àti dúkìá England sínú ìwé, àwọn tó ń gbé Dunwich tó nǹkan bí 3,000, ìyẹn kì í ṣe kékeré láyé ìgbà yẹn rárá.

Ẹ rí i, bèbè ilẹ̀ wa tó wà létí òkun níbí kì í ṣe àpáta, yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ ló lẹ̀ mọ́ra, tí omi bá ti gbá ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ, òkè á kàn ya wálẹ̀ ni. Ìjì ńlá kan jà ní 1286 tó gbé apá kan ìlú lọ, òmíràn tún jà ní 1328, báyìí ló ṣe ń lọ díẹ̀díẹ̀ fún ọgọ́rùn-ún ọdún lọ́nà mélòó kan. Àwọn àlùfáà tó wà ní Greyfriars tiẹ̀ ní láti kó ilé wọn wọ inú ilẹ̀, ògiri rẹ̀ ṣì wà lókè bèbè, bóyá ẹ kò gba ibẹ̀ kọjá. Èyí tó kẹ́yìn nínú àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ yẹn ni All Saints, wọ́n ti pa á tì tipẹ́, 1904 ló bẹ̀rẹ̀ sí í ya sínú òkun, nígbà tó fi máa di 1919 ilé aago rẹ̀ ti lọ. Eegun àwọn tí wọ́n sin sọ́gbà rẹ̀ máa ń yọ jáde lára bèbè. Mi ò lè ka ọ̀rọ̀ yẹn kí ara mi má bù máṣọ, ẹni tí wọ́n ti sin, tí wọ́n ti sunkún rẹ̀ tán, òkun tún wá hú u.

Òpó òkúta kan ló ṣẹ́kù lára All Saints, wọ́n gbé e wá sọ́gbà ṣọ́ọ̀ṣì kékeré tẹ́ ẹ rí yẹn, St James. Tẹ́ ẹ bá padà lọ, ẹ jẹ́ kí ọmọ fọwọ́ kàn án.

Ọ̀rọ̀ aṣòfin méjì yẹn náà, òótọ́ ni. Ìlú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ omi tán, síbẹ̀ aṣòfin méjì ń lọ London lórúkọ rẹ̀, òfin 1832 ló tó fòpin sí i.

Ọmọ_Odò_Orwell

Àǹtí ti sọ ọ́ dáadáa, àmọ́ ẹ jẹ́ n fi nǹkan kan kún un, torí mo gbà pé ibi tí àwọn èèyàn ti máa ń ṣì í nìyí. Wọ́n á ní ilẹ̀ tó ń ya ló pa Dunwich. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀, èbúté ló pa á. Ìjì 1328 yẹn kó òkúta di ẹnu èbúté pa, odò Blyth bá gba ọ̀dọ̀ Walberswick jáde sókun, ọkọ̀ bá ń gba ibẹ̀ lọ, owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀ náà bá wọn lọ. Dunwich àti Walberswick bá ara wọn jà lórí ọ̀rọ̀ yìí kò kéré. Ìlú tó ń jẹun lórí ẹja àti ọkọ̀, tí ọkọ̀ ò bá rọ́nà wọlé mọ́, ta ló máa náwó sórí bèbè tó ń ya? Kálukú á kẹ́rù ẹ̀ ni.

Òkúta wẹ́wẹ́ ọ̀hún kì í jókòó sójú kan, òkun ń tì í láti àríwá lọ sí gúúsù lójoojúmọ́. Ẹ mú ọmọ yìí lọ sí Orford. Ọba Henry Kejì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé olódi rẹ̀ síbẹ̀ ní 1165, ọkọ̀ òkun sì ń wọ ibẹ̀ nígbà yẹn. Ẹ gun orí ilé olódi náà, ẹ̀ẹ́ rí odò nísàlẹ̀, lẹ́yìn odò ẹ̀ẹ́ rí ilẹ̀ òkúta tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó lọ gbọọrọ bí okùn, ẹ̀yìn ìyẹn ni òkun tó wà. Òkúta yẹn ló gùn títí tó fi sé Orford mọ́ inú. Odò Alde tó ń ṣàn bọ̀ láti òkè, nígbà tó dé Slaughden ní ẹ̀gbẹ́ Aldeburgh, ìṣísẹ̀ díẹ̀ ló kù kó wọ òkun, òkúta dí i, ó bá yí sí gúúsù, ó tún rìn bíi máìlì mẹ́wàá kó tó ríbi jáde. Mo ti dúró lórí ibi tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, odò ń dún jẹ́jẹ́ lápá kan, òkun ń bú lápá kejì. Abúlé ni Slaughden fúnra rẹ̀ tẹ́lẹ̀ o, òun náà ti lọ.

Ní Aldeburgh ("Ọ́ọ̀brà" ni wọ́n ń pè é, kó má lọ pè é bí wọ́n ṣe kọ ọ́ tó bá fẹ́ kà á ní kíláàsì), kó wo Moot Hall, ilé ìpàdé ìlú. Àárín ìlú ni wọ́n kọ́ ọ sí ní sẹ́ńtúrì kẹrìndínlógún, lónìí iwájú òkun gan-an ló wà. Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé obìnrin ni, ẹ sọ fún un pé Aldeburgh ni Elizabeth Garrett Anderson ti di olórí ìlú ní 1908, obìnrin àkọ́kọ́ tó dé ipò méyọ̀ ní England, dókítà sì ni.

Dérébà_Felixstowe

Ẹ dákun, ẹ má jẹ́ kí ọmọ rìn lábẹ́ bèbè yẹn, àgàgà lẹ́yìn òjò. Kì í kìlọ̀ kó tó ya. Kọ́ńtẹ́nà ni mò ń gbé ní èbúté Felixstowe níbí, òun ló ń gba kọ́ńtẹ́nà jù ní gbogbo UK, kì í sì í ṣe ayé àtijọ́ nìkan ni òkun yìí ń pààyàn. Òru January 31, 1953, omi ya wọ Felixstowe, èèyàn 41 ló kú, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń gbé ilé pákó. Mo máa ń rántí wọn tí afẹ́fẹ́ bá ti le lóru.

BàbáTìtí_Ipswich

Ẹ ṣé gan-an ni, ẹ̀yin ará mi. Mo ka gbogbo ẹ̀ fún un lálẹ́ àná, kò fẹ́ sùn mọ́. Ó ní kí n bi yín: ṣé òótọ́ ni pé èèyàn lè gbọ́ agogo ṣọ́ọ̀ṣì lábẹ́ omi?

ÀǹtíLowestoft

Ẹ bá mi kí i dáadáa. Ìtàn àwọn àgbà ibẹ̀ ni ti agogo, kó kọ ọ́ bí ìtàn. Àmọ́ èyí tó jẹ́ òótọ́ tún dùn jù ú lọ: àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Southampton lọ wá ìlú náà. Omi ibẹ̀ dúdú débi pé ojú ò lè ríran nínú ẹ̀, torí náà ìró ni wọ́n rán lọ sísàlẹ̀, bí ìró ṣe ń padà bọ̀ ni wọ́n fi ń ya àwòrán ohun tó wà níbẹ̀, wọ́n sì rí òkúta ara ṣọ́ọ̀ṣì lóòótọ́.

Tẹ́ ẹ bá rẹ́ni fọkọ̀ gbé yín, ẹ dé Covehithe náà, kò jìnnà sọ́dọ̀ mi. Ògiri ṣọ́ọ̀ṣì ńlá kan dúró síbẹ̀ láìní òrùlé, agbára àwọn ará abúlé ò ká a mọ́, ni wọ́n bá kọ́ kékeré sínú ẹ̀ ní 1672, wọ́n fi koríko bò ó lórí. Ṣọ́ọ̀ṣì nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Títì tó kọjá níwájú ẹ̀ ń lọ tààrà sápá òkun, ó sì kán sórí bèbè bíi búrẹ́dì tí wọ́n fọwọ́ ya. Igi tó ti ṣubú wà nísàlẹ̀ lórí yanrìn, gbòǹgbò ẹ̀ ń wo òkè. Ẹ dúró jìnnà séteetí o.

BàbáTìtí_Ipswich

Ẹ ṣeun, àǹtí mi. Ó ti kọ Covehithe sílẹ̀. Dunwich la tún máa kọ́kọ́ padà sí lọ́jọ́ Sátidé, a máa tètè jáde kí mùsíọ̀mù má baà tì mọ́ wa, mo gbọ́ pé àwòṣe ìlú náà bó ṣe rí láyé àtijọ́ wà nínú ẹ̀, tòun ti títì àti ṣọ́ọ̀ṣì ẹ̀. Ó ní òun fẹ́ ka iye ṣọ́ọ̀ṣì tó wà níbẹ̀ fúnra òun, lẹ́yìn náà ká lọ wá òpó yẹn.