Èkúté ń bí ju bí mo ṣe ń pa á lọ, kí ni ṣíṣe?

Ará Oko:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Etí oko ni ilé wa wà, ilé adìẹ sì wà lẹ́yìnkùlé. Láti ìgbà tí a ti kó àgbàdo wọlé ni èkúté ò ti jẹ́ ká gbádùn. Àwọn kékeré wọ̀nyí ni o, kì í ṣe àwọn eku ńlá. Tí ilẹ̀ bá ti ṣú báyìí, orí àjà á máa ró gìrìgìrì. Pàkúté kan la ní, ó sì ń mú wọn, àmọ́ bí mo ṣe ń pa ọ̀kan ni òmíràn ń yọjú. Lánàá ni mo ṣí àpótí aṣọ àtijọ́, mo bá ìtẹ́ wọn níbẹ̀. Wọ́n ti fi eyín ya ìró mi wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, àwọn ọmọ pupa tí ojú wọn ò tíì là sì ká jọ sáàárín rẹ̀. Baálé mi ní ká lọ ra májèlé. Ẹ̀rù ń bà mí: a ní ológbò, a ní adìẹ, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rákò sì wà nílé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí o.

Àgbẹ̀ Kùtùkùtù:
Ìyá, ẹ pẹ̀lẹ́. Oyún èkúté ilé ò ju nǹkan bí ọjọ́ 19 sí 21 lọ. Ó lè bí 5 sí 8 lẹ́ẹ̀kan, nígbà mìíràn ó máa ń jù bẹ́ẹ̀. Kò tíì fi bẹ́ẹ̀ sinmi ìrọbí tí á tún fi gba akọ, ó lè máà ju ọjọ́ kan lọ. Àwọn ọmọ pupa tí ẹ rí yẹn náà, tí wọ́n bá fi máa pé ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, wọ́n ti tó bí tiwọn. Pàkúté kan ò lè lé irú èyí bá láéláé.

Oúnjẹ ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà lẹ́nu wọn. Èkúté kan ò jẹ ju nǹkan bí gíráàmù 3 lọ lóòjọ́, nítorí náà àgbàdo tó ń jò sílẹ̀ lábẹ́ àpò yín nìkan lè bọ́ odindi agbo ilé wọn. Ẹ má gbójú lé e pé òǹgbẹ á lé wọn lọ, inú oúnjẹ ni wọ́n ti ń rí omi tó pọ̀ jù nínú èyí tí wọ́n nílò. Ẹ kó àgbàdo sínú dúrọ́ọ̀mù irin tó ní ìdérí tó dé pinpin. Wọ́n á lu àpò, wọ́n á lu ike tín-ín-rín. Ẹ má sì jẹ́ kí oúnjẹ adìẹ sùn síta. Ká sọ òótọ́, ilé adìẹ yẹn gan-an ni mo fura sí ju orí àjà lọ. Ẹ tún ro igbó tó sún mọ́ ògiri kúrò, ó kéré tán mítà kan, kí ẹ sì kó igi ìdáná jìnnà sílé. Ibi tí èkúté bá pọ̀ sí, ejò á wá a wá síbẹ̀.

Bàbá Ìbejì:
Gbogbo àlàyé yìí ti pọ̀ jù. Ẹ ra májèlé jàre, kí wọ́n kú, kí àwa náà sùn.

Nọ́ọ̀sì Àgbà:
Bàbá Ìbejì, ẹ farabalẹ̀ ná. Èyí tó pọ̀ jù nínú oògùn èkúté tó wà lọ́jà, ohun tó ń ṣe ni pé kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì mọ́. Èkúté tó bá jẹ ẹ́ ò ní kú lójú ẹsẹ̀, ó lè lo ọjọ́ mélòó kan kó tó kú, inú ògiri tàbí orí àjà ló sì máa kú sí. Ẹ ó máa gbóòórùn rẹ̀. Tí ológbò bá jẹ irú èkúté bẹ́ẹ̀, májèlé lè mú òun náà, àfi kí ẹ tètè gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà ẹran. Ẹni tó bá máa lò ó, kó fi sínú àpótí tí wọ́n ṣe fún un, tó ṣeé tì, tí ọwọ́ ọmọdé ò lè wọ̀. Ọmọ tó ń rákò, kò sí ohun tí kì í fi sẹ́nu.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni àwọn hóró oògùn tí wọ́n fi ń pa kòkòrò inú ọkà. Ẹ má gbé e sínú ilé torí èkúté. Tí ọ̀rinrin bá kàn án, gáàsì tó ń jáde lára rẹ̀ lè pa gbogbo ẹni tó bá sùn sí yàrá náà. Èyí tí wọ́n sì wé sínú ọ̀rá tí kò ní orúkọ lára, ẹ má fọwọ́ kàn án rárá.

Bàbá Ìbejì:
Ó dáa, mo gbọ́. Ṣé ológbò wọn ò wá lè ṣiṣẹ́ ni? Kí ló ń jẹ ńlẹ̀ nílé?

Ìyá Alákàrà:
Ológbò á pa díẹ̀, àmọ́ kò lè wọ inú ògiri. Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ pàkúté. Kan ṣoṣo kẹ̀! Ẹ wá mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀, kí ẹ dẹ gbogbo wọn lálẹ́ ọjọ́ kan náà. Èkúté kì í fẹ́ gba àárín ilé kọjá, ẹ̀gbẹ́ ògiri ló máa ń tọ̀. Ẹ gbé pàkúté dábùú ọ̀nà rẹ̀, kí ibi tí ìjẹ wà kàn ògiri gbágbá. Kì í rìn jìnnà sí ìtẹ́ rẹ̀, torí náà ẹ jẹ́ kí wọ́n sún mọ́ra, mítà 2 sí 3 síra wọn.

Ìjẹ ò gbọdọ̀ pọ̀. Ẹ̀pà lílọ̀ tí kò ju ẹyọ ẹ̀wà kan lọ ti tó, tó bá pọ̀, wọ́n á lá a jẹ láìjẹ́ pé pàkúté ré. Èmi máa ń so òwú mọ́ òmíràn, torí abo tó ń wá ohun tó máa fi tẹ́ ibùsùn á fẹ́ fà á. Eku ńlá máa ń fura sí nǹkan tuntun, àwọn kékeré yìí kì í fura, ojú wọn máa ń yá ni. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ yẹn, èmi ò fẹ́ràn rẹ̀. Ó ń fìyà jẹ ẹran lásán, ẹ ó tún wá máa bá a jà láàárọ̀.

Ọmọ Ìsàlẹ̀:
Ẹ̀rọ kan wà tó ń pariwo tí etí èèyàn ò lè gbọ́, wọ́n ní ó ń lé wọn.

Káfíńtà:
Àbúrò, fi owó ẹ pamọ́. Lọ́dún 2001, àjọ FTC tó ń dáàbò bo oníbàárà ní Amẹ́ríkà kọ̀wé ìkìlọ̀ sí àwọn tó ń ṣe é àtàwọn tó ń tà á, pé kí wọ́n ní ẹ̀rí lọ́wọ́ kí wọ́n tó polówó rẹ̀.

Ìyá, iṣẹ́ ihò ni kí ẹ gbájú mọ́. Ihò tó tó mílímítà 6 ti tó wọn gbà. Tí pẹ́ńsùlù bá wọ̀ ọ́, èkúté lè wọ̀ ọ́. Lọ́sàn-án, kí ẹnì kan ti ilẹ̀kùn mọ́ra nínú yàrá, kó pa iná, kó máa wo ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń yọ wọlé. Abẹ́ ilẹ̀kùn, ibi tí páìpù ti wọlé àti ibi tí páànù ti pàdé ògiri ni ẹ ó ti rí i jù. Ihò tí wọ́n ń gbà déédéé, etí rẹ̀ á dúdú, á máa dán, ọ̀rá ara wọn ló ń kùn ún. Tí kò bá dá yín lójú, ẹ wọ́n ìyẹ̀fun fẹ́ẹ́rẹ́ síwájú rẹ̀ lálẹ́, ẹ ó bá ojú ẹsẹ̀ wọn láàárọ̀. Ẹ ki kànrìnkàn onírin tí a fi ń ha ìdí ìkòkò sínú rẹ̀, kí ẹ wá fi sìmẹ́ńtì lé e. Fóòmù nìkan, wọ́n á jẹ ẹ́ kọjá.

Ará Oko:
Ẹ ṣé, ẹ̀yin àgbà. Àpótí yẹn ńkọ́? Ìmí wọn ti kún inú rẹ̀, mo fẹ́ gbá a dànù.

Nọ́ọ̀sì Àgbà:
Ẹ má gbá a ní gbígbẹ! Eruku yẹn gan-an ni èèyàn ń fà símú. Àrùn tí eku ń gbé kiri yàtọ̀ láti ibì kan síbòmíràn: ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà irú eku kan ń gbé ibà Lassa, ní Amẹ́ríkà òmíràn ń gbé hantavirus. Ẹ ṣí fèrèsé àti ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 30, kí ẹ bọ́ síta ná. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ po bílíìṣì ife kan mọ́ omi ife mẹ́sàn-án, kí ẹ fi rin ibẹ̀ gbingbin, kí ó tó ìṣẹ́jú 5, kí ẹ tó fi bébà nù ún. Ìtẹ́ náà, ẹ kó o sínú ọ̀rá méjì, ẹ dì í. Èyí tí pàkúté bá pa náà, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ ṣe é.

Ará Oko:
Mo ti gbọ́, mà. Baálé mi náà ti kà á, ó ní òun ń lọ wá dúrọ́ọ̀mù. Ó kù ilé adìẹ: wáyà la fi yí i ká, ṣé kò tó ni?

Káfíńtà:
Wáyà adìẹ ò dá èkúté dúró, inú ojú rẹ̀ ni wọ́n á gbà kọjá. Èyí tí ojú rẹ̀ kéré ni kí ẹ wá, kó máà tó mílímítà 6. Ẹ gbẹ́ ilẹ̀ díẹ̀ yí ilé adìẹ ká, kí ẹ rì í wọlẹ̀, kí ẹ tẹ ìdí rẹ̀ síta. Tí ẹ bá ya fọ́tò ìdí ilẹ̀kùn rẹ̀ ránṣẹ́, màá sọ bí ẹ ó ṣe dí ìsàlẹ̀ ibẹ̀.