“Ìwọ̀n ẹ̀tù” kò tó: “ààlà ẹ̀tù” ni mo fara mọ́

Ẹ̀gbọ́n, mo rí i pé “ìwọ̀n ẹ̀tù” lẹ fẹ́ ká máa pe àkọsílẹ̀ tí ọdẹ ń wò kó tó fọwọ́ ara rẹ̀ rọ kátíríìjì ráífù. Ó dùn lẹ́nu, àmọ́ ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí.

Ẹni tó bá gbọ́ “ìwọ̀n” á máa wá nọ́ńbà kan ṣoṣo. Nínú ìwé àwọn tó ń ṣe ẹ̀tù, ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ wà níbẹ̀, ibi tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọjá náà wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ òpin nìkan ni wọ́n kọ, àwọn tó mọ iṣẹ́ náà a máa yọ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá kúrò, kí wọ́n tó máa fi díẹ̀díẹ̀ gòkè, ojú wọn a sì wà lára aṣáná, ìyẹn ohun tó ń tan iná sí ẹ̀tù ní ìdí èèpo idẹ kátíríìjì, bóyá ó ti ń tẹ́ pẹrẹsẹ, tàbí bóyá ìbọn ti ń ṣòro ṣí, torí àmì pé agbára ti ń pọ̀ jù nìyẹn. Ààlà lèyí.

Ti ẹ̀tù nìkan kọ́, ṣá o. Ẹ pààrọ̀ èèpo, tàbí aṣáná ìdí rẹ̀, tàbí bí ọta ṣe wọlé jìn tó, ààlà ti yí nìyẹn. Èèpo kátíríìjì 7.62 àwọn ológun sábà máa ń nípọn ju ti .308, ìkejì rẹ̀ tí àwọn ọdẹ ń lò, lọ, àyè inú rẹ̀ dín kù, ẹ̀tù kan náà á sì le sí i. Oríṣi ẹ̀tù méjì ni IMR 4831 àti H4831, wọ́n jọ ń jẹ́ nọ́ńbà kan náà, síbẹ̀ ààlà ọ̀kan kò ṣeé lò fún èkejì.

“Ọta” ńkọ́? Lẹ́nu wa, ó lè jẹ́ èyí tó ń fò jáde, ó sì lè jẹ́ odindi kátíríìjì. Bí ìwé bá kọ “ọta 150”, ìwúwo èyí tó ń fò ló ń sọ, kì í ṣe ti ẹ̀tù. Ẹ jẹ́ ká fi ọta sílẹ̀ fún èyí tó ń fò nìkan.

Èyí tó ká mi lára jù ni “hóró” tí wọ́n fi túmọ̀ gíréènì. Ìwúwo ni gíréènì, 7,000 rẹ̀ ló wà nínú pọ́n-ùn kan. Hóró ẹ̀tù ni ojú ń rí, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló sì ń péjọ kó tó di gíréènì kan. Ẹni tó bá ka “hóró 45”, kíkà ni yóò máa kà á, nígbà tó jẹ́ orí òṣùwọ̀n ló yẹ kó gbé e lé.

Ní ti “kìbọn” tí ẹ ní ká má fi pe iṣẹ́ kátíríìjì rírọ, mo wà lẹ́yìn yín: ìbọn là ń kì, kátíríìjì là ń rọ. Mo sì ń gbọ́ ohùn alágbẹ̀dẹ nínú “rọ” yẹn.