Ọkọ̀ ojú omi eré ìje tí mò ń fi igi ṣe ti tẹ̀ o, ẹ gbà mí

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ó ti pé oṣù mẹ́ta tí mo ti ń ṣe àwòṣe Baby Bootlegger, ọkọ̀ tí George Crouch ya àwòrán rẹ̀, tó gba Gold Cup, ife ìdíje ọkọ̀ ojú omi ní Amẹ́ríkà, ní 1924, tó tún gbà á ní 1925. Ẹ wo àwòrán rẹ̀, ẹ ó mọ ohun tó ń dà mí láàmú: kò ní igun rárá, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣe kọ̀rọ̀bọ̀tọ̀ bí ẹ̀yìn ẹja àrọ̀.

Ọkọ̀ gidi fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 30. Mo sọ ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan di íǹṣì kan, mo la ọ̀gànwó (mahogany ilé wa) wẹ́wẹ́, mo lẹ apá ọ̀tún tán pátápátá. Nígbà tó máa di àárọ̀ ọjọ́ kejì, imú ọkọ̀ ti kọjú sílé aládùúgbò. Ó tẹ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀! Pákó méjì tún là níwájú. Ṣé kí n dáná sun ún ni?

Bàbá Káfíńtà: Ta ló ní kó o lẹ apá kan tán? Bí gọ́ọ̀mù bá ń gbẹ, ó máa ń fa pákó, pákó á fa egungun àárín, ìyẹn igi tó gba àárín ọkọ̀ láti imú dé ìdí, kò sì sí ohun tó máa fà á padà lódìkejì. Ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì ni. Gọ́ọ̀mù wo lo lò?

Oníbèéèrè: Funfun ni, sà.

Bàbá Káfíńtà: Orí ẹ bá ẹ ṣe é. Fi aṣọ tó rin omi gbígbóná bò ó, á tú. Lẹ́yìn náà, da egungun ọkọ̀ dojú bolẹ̀, kó o kàn án mọ́ pátákó tó nípọn tó sì tọ́. Má tú u kúrò níbẹ̀ títí wàá fi lẹ pákó tó kẹ́yìn. Èyí tó là yẹn, o ò fá a kó tín-ín-rín bó ṣe ń sún mọ́ imú, àbí?

Ìyá Ìbejì, London: Ẹ fi ọ̀gànwó sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Òótọ́ ni pé mahogany ni wọ́n fi kan ọkọ̀ gidi, àmọ́ ọkọ̀ lẹ sọ di kékeré, ẹ ò lè sọ ojú igi, ìyẹn àwọn ìlà ara rẹ̀, di kékeré. Obeche ni wọ́n ń tà fún wa níbí, ó wọ́n bí ojú. Àṣé arère ilé wa ni! Ẹ fá a tán kẹ́ ẹ tó kùn ún. Kẹ́ ẹ sì nu gọ́ọ̀mù tó bá kán sí i lójú ẹsẹ̀, torí ibẹ̀ ò ní gba àwọ̀, á ṣe funfun bí èélá.

Bàbá Káfíńtà: Arère dáa, àmọ́ kò fẹ́ràn kéèyàn tẹ̀ ẹ́. Kó má nípọn ju mìlímítà kan ààbọ̀ lọ, kó o kọ́kọ́ rẹ ẹ́ sómi gbígbóná.

Oníbèéèrè: Ẹ ṣé gan-an. Mo ti tú pákó mọ́kànlá, imú ọkọ̀ ti ń padà síbi tó yẹ. Ìyàwó mi ní òun fẹ́ kẹ́tù òun o.