Ta ló lè kọ́ mi ní oríkì orílẹ̀ mi ní ọjọ́ orí yìí?

Ẹ kú ilé o. Jọ́ọ̀sì ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ ni mo wà títí mo fi pé ọdún 34 kí n tó kó wá sí Ògbómọ̀ṣọ́ lésìí. Ní Jọ́ọ̀sì, Yorùbá ni mí. Nílé tí mo dé, "Ìyá Gàm̀bàrí" ni àwọn ọlọ́jà Tàkíé ń pè mí nítorí ohùn mi. Ìyẹn kò dùn mí tó bẹ́ẹ̀.

Èyí tó dùn mí ni ti ìsìnkú bàbá àgbà wa kan. Àwọn ìyàwó ilé ń ki wá, "ọmọ Ẹ̀ṣọ́ Ìkòyí", orí àwọn ẹ̀gbọ́n mi ń wú, omijé ń bọ́ lójú wọn. Èmi dúró bí igi. Mo mọ̀ pé Ẹ̀ṣọ́ kì í gba ọfà lẹ́yìn. Ibẹ̀ ni ìmọ̀ mi parí sí.

Mo bi bàbá mi, kékeré lòun náà ti kúrò nílé. Mo gba ohùn àwọn ìyàwó ilé náà sórí fóònù, ó yára jù, ìjìnlẹ̀ rẹ̀ kò yé mi. Mo bẹ ìyá àgbà kan nínú agboolé. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní a kì í kọ́ oríkì bí ẹni ń kọ́ ABD.

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà kí ẹ tó kọ́ ọ, ṣé kí n máa tẹ̀ lé àwọn ìyàwó ilé lọ sóde ni, àbí ẹnì kan wà tó ń gbowó kọ́ni? Kí ni mo sì lè mú dání lọ bá wọn tí kò ní jọ àrífín?