Àga méje sọnù lọ́wọ́ mi, ẹ̀yin tó ti ṣe SUG (ìjọba ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́) rí ẹ gbà mí o

ỌmọÌjùmú_Welfare:
Òkun o, ẹ̀yin ènìyàn wa. Ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú. Mo wà ní 300 level ní yunifásítì kan lápá ọ̀dọ̀ wa ní Kogi níbí, mi ò ní dárúkọ ẹ̀ torí àwọn tó máa mọ̀ mí pọ̀ níbí. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ló ní kí n lọ du ipò Welfare, wọ́n ní ojú mi jọ ojú ẹni tó láàánú. Èmi náà gbà, mo yá kóòtù lọ́wọ́ ọmọ Law kan, mo ya fọ́tò, a lẹ pósítà mọ́ gbogbo ògiri títí dé ara igi kaṣú tó wà lẹ́yìn họ́sítẹ́lì, mo sì wọlé. Ọjọ́ tí wọ́n búra fún wa, "Honourable" ni gbogbo ayé ń pè mí. Ìyá mi gbọ́ ní ìlú Ìyàrá, wọ́n ní ṣé èmi náà á wá máa dáná sun táyà lójú títì ni, mo ní rárá màámi, welfare ni, wọ́n ní kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, mo ní ìtọ́jú àwọn ọmọ iléèwé, wọ́n ní "ṣé o ti tọ́jú ara ẹ tán?"

Ẹ wò ó, mi ò tíì sùn dáadáa láti ọjọ́ náà. Aago méjì òru fóònù á dún, "Honourable, omi ò yọ ní Block C o." Ṣé èmi ni pọ́ńpù ni? Ẹnì kan pè mí pé eku wọ inú gààrí òun. Kí n wá ṣe kí ni, kí n bá eku sọ̀rọ̀? Òmíràn ní kí n bá òun bẹ lẹ́kíṣọ̀ torí tẹ́sìtì tí òun ò ṣe, mo bi í pé ṣé ara ẹ̀ ò yá ni, ó ní rárá, òun sùn ni.

Gbogbo ìyẹn mo fara dà á. Freshers' Night ló wá bá mi débi tí mo wà yìí. Èmi ni mo lọ háyà àga 200 lọ́wọ́ bàbá oníkánópì kan nínú ìlú, orúkọ mi ni mo fi sílẹ̀, káàdì iléèwé mi gan-an wà lọ́wọ́ wọn títí di bí mo ṣe ń kọ eléyìí. Òde dùn, a jó, ilẹ̀ mọ́, a ka àga, ó jẹ́ 193. A tún un kà, 193. President ní kí n kà á láti ẹ̀yìn wá, ó di 192. Bàbá ní ₦7,000 ni ọ̀kan, ẹ bá mi ṣírò ẹ̀, ₦49,000 nìyẹn. President ní kí n lo ọgbọ́n inú. Financial Secretary ò gbé fóònù mọ́.

Ìbéèrè mi ni pé ta ló yẹ kó san owó yìí? Ìkejì, ẹ̀yin tó ti ṣe é rí, báwo lẹ ṣe ń ṣe é tí ẹ fi ń rẹ́rìn-ín, torí mò ń rí fọ́tò yín àtijọ́ lórí Facebook, eyín nìkan ló ń dán níbẹ̀.

GenSec_Àná:
Òkun, àbúrò. Má fi kọ́bọ̀ kan sílẹ̀ látinú àpò ara ẹ o, mo tún un sọ, kọ́bọ̀ kan. Òde ẹgbẹ́ ni, kì í ṣe òde ọjọ́ ìbí ẹ. Mo ṣe Gen Sec nígbà tiwa, ọdún kan ni wọ́n dìbò yàn wá fún, ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, wá da iṣẹ́ sílẹ̀ ní 14 February 2022, wọn ò padà títí di 14 October, oṣù mẹ́jọ gbáko, kò sí iléèwé kò sì sí ẹni tí a máa gbé ìjọba fún, bí mo ṣe di Gen Sec nínú oko bàbá mi ní Ìsánlú nìyẹn. Lórí ebè ni mo ti ń kọ lẹ́tà. Nẹ́tíwọ̀kì ò sí àfi tí mo bá gun orí ebè kan báyìí tó ga ju tó kù lọ, bàbá mi á wá máa pariwo látòkèèrè, "Sẹ̀kìtírì, iṣu ló wà lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ o!"

Ẹ jẹ́ ká padà sórí àga. Ó dá mi lójú pé bó ṣe rí níbi tiwa náà ló rí níbi tiyín: owó ẹgbẹ́ yẹn, iléèwé ló ń gbà á pọ̀ mọ́ school fees, ọ́fíìsì Student Affairs ló ń mú un pamọ́, owó kankan ò lè jáde àfi kí ẹ̀yin exco fọwọ́ sí i, kí Dean náà fọwọ́ sí i. Ìyẹn ni pé ìwé ni wọ́n ń wò, wọn ò wo ojú ẹni tó láàánú. Jókòó, kọ lẹ́tà sí President pé báyìí báyìí ni àga ṣe rìn, fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí Speaker SRC, ìyẹn ilé aṣòfin akẹ́kọ̀ọ́, kí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ lu ẹ̀dà tìẹ, kí o sì fi rìsíìtì bàbá yẹn sí i nídìí. SRC ló fọwọ́ sí bọ́jẹ́ẹ̀tì òde yẹn, àwọn ni kí wọ́n jókòó kí wọ́n wá owó ẹ̀. Tí President bá rí orúkọ Speaker lórí ìwé, ọgbọ́n inú tó ní kí o lò, òun fúnra ẹ̀ á lò ó.

Ṣùgbọ́n kó o tó kọ lẹ́tà kankan, lọ wá àga yẹn ná. Àga kì í kú, ibi tó máa jókòó ló máa ń wá. Lọ wo ọ̀dọ̀ DJ. Lọ wo ọ̀dọ̀ sẹ̀kọ́ríìtì géètì. Lọ wo ṣọ́ọ̀bù barber tó sún mọ́ yín jù lọ, lẹ́yìn náà kí o wá dákẹ́, kí o rọra wọ inú fellowship.

DOS_tó_jẹ̀bi:
Àga méje? Àbúrò, jọ̀ọ́ lọ dúpẹ́. Jẹ́ n sọ tèmi fún ẹ. Èmi ni Director of Socials nígbà tiwa, Èkó ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, ọmọ Bùnú ní ilẹ̀ Òkun ni bàbá mi ṣùgbọ́n mi ò ju ẹni tó ń wálé lọ́dún Kérésì lọ. A fẹ́ ṣe Cultural Day, mo sọ pé lọ́tẹ̀ yìí a ò ní lo ríbọ́ọ̀nù àti bàlúù, àṣà wa gan-an ni a máa gbé jáde. Mo lọ bá ìyá bàbá mi, wọ́n ti darúgbó, ojú ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, mo ní ìyá, ẹ yá mi ní aṣọ òfì yín. Wọ́n ní kí n ṣí àpótí. Mo ṣí i, mo rí aṣọ pupa kan nísàlẹ̀, pupa fòò, ó wúwo, iṣẹ́ ara ẹ̀ ń dán, òórùn káńfọ̀ ń ti ara ẹ̀ bọ̀. Ọkàn mi sọ pé èyí gan-an ni. Mi ò fi han ìyá, mo kàn ká a sínú báàgì.

Mo tẹ́ ẹ sórí high table o. Ó rẹwà débi pé àwọn ọmọ Mass Comm ń bá a ya sẹ́lífì. Ìgbà tó yá àwọn àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í dé, olóyè kan láti ọ̀dọ̀ wa náà dé, wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n rí tábìlì, wọ́n dúró. Wọn ò wọlé. Wọ́n bọ́ fìlà. Wọ́n wá fi ohùn jẹ́jẹ́ bi mí pé, "Ta ló kú?"

Mo ní kò sẹ́ni tó kú bàbá, Cultural Day ni. Wọ́n ní kò burú, ta ló wá kú ní Cultural Day?

Aṣọ ìpò ni mo tẹ́ sórí tábìlì! Ẹ̀yin ọmọ Bùnú ti mọ ohun tí mò ń sọ. Aṣọ òkú àwọn èèyàn ńlá ni, àwọn olóyè, òun náà ni wọ́n fi ń ṣe aṣọ eégún. Àwọn ahunṣọ àtijọ́ a máa tú òwú pupa jáde lára bùláńkẹ́ẹ̀tì ọsibítù láti fi hun ún, bó ṣe ṣọ̀wọ́n tó nìyẹn, tí èmi wá gbé kóòkì àti puff-puff lé e lórí. Vice Chancellor ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jókòó sídìí ẹ̀. A yára ká a, a fi aṣọ ìkélé họ́ọ̀lù tẹ́ tábìlì. Títí di òní, tí mo bá délé, olóyè yẹn á ní "ọmọ tó sìnkú ẹni tí ò kú ti dé o."

BàbáMópà:
Mo ka gbogbo ohun tí ẹ kọ, mo rẹ́rìn-ín títí ìyàwó mi fi ní ṣé kò sí. Nígbà tiwa, NUNS ló wà, ẹgbẹ́ gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1956. Ní 1978 ìjọba ológun ní owó oúnjẹ akẹ́kọ̀ọ́ máa lọ sókè, ni gbogbo yunifásítì bá gbaná, "Ali Must Go", Segun Okeowo sì ni olórí NUNS nígbà náà. Kánẹ́ẹ̀lì Ahmadu Ali tí a ń pariwo mọ́ yìí, kọmíṣánnà ètò ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ nígbà náà, ọmọ Kogi kan náà ni o, láti ilẹ̀ Ígálà lọ́hùn-ún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Kogi fúnra ẹ̀ ò tíì sí títí di 1991. Òun náà ti ṣe olórí akẹ́kọ̀ọ́ rí. Ẹ ò rí nǹkan.

Ọdún kìíní ni mo wà. Iṣẹ́ tí wọ́n fún mi ni kí n di páálí kan mú, èyí tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sí. Mo dì í mú láti àárọ̀ títí oòrùn fi gun orí, ọlọ́pàá kan ló sọ fún mi pé òdì ni mo dì í mú. Ẹ̀rín wà nínú ẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n yìnbọn nígbà náà, àwọn kan ò padà sílé. Ìjọba fòfin de NUNS, ìyẹn ló jẹ́ ká tún dá NANS sílẹ̀ ní 1980. Ẹ̀yin wá rèé, àga ni ẹ̀yin ń jà lé lórí.

DOS_tó_jẹ̀bi:
Bàbá, ẹ má bínú o, ṣùgbọ́n oúnjẹ ni ẹ̀yin náà jà lé lórí 😂

BàbáMópà:
Ìwọ tó o gbé puff-puff lé aṣọ òkú, ìwọ náà ń fèsì.

Fresher_tí_kò_mọ̀nà:
Honourable!!! Ṣé ẹ̀yin nìyí? Mo ti pè yín ní ìgbà mẹ́ta lónìí. NELFUND mi ńkọ́, owó tí ìjọba ń yá akẹ́kọ̀ọ́ yẹn, wọ́n ní wọ́n ti sanwó, mi ò rí i.

ỌmọÌjùmú_Welfare:
Ẹ ò rí ohun tí mò ń sọ fún yín. Wọ́n bá mi débí.

Ìwọ, gbọ́ o. Owó méjì ló wà níbẹ̀. Owó school fees, iléèwé ni wọ́n ń san án fún tààrà, kò ní gba ọwọ́ ẹ kọjá rárá. Èyí tó ń bọ̀ sínú àkáǹtì ẹ ni ti ìgbọ́bùkátà, ₦20,000 lóṣù, tó bá jẹ́ pé o béèrè fún un nígbà tí o ń kọ fọ́ọ̀mù. Lọ wo fọ́ọ̀mù ẹ wò, ọ̀pọ̀ ló ń fo ibẹ̀. Tó o bá ti béèrè, tí o ò rí i, wá bá mi lọ́la ní ọ́fíìsì. Ní Ọ̀SÁN.

ỌmọÌjùmú_Welfare:
Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo ní ìròyìn. Mo ṣe bí ẹ̀gbọ́n GenSec ṣe wí. Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ ni pé bàbá oníkánópì ti fi ọ̀dà kọ "OLÚWA ṢEUN" sí abẹ́ gbogbo àga wọn, ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé àwọn èèyàn ló máa ń wà lórí ẹ̀. Méjì wà lọ́dọ̀ barber, mo ní kí ẹni tí wọ́n ń gé irun fún dìde díẹ̀ kí n wo ìdí àga, ó dìde, ó fi ìlàjì irun dúró tì mí. Ọ̀kan wà lọ́dọ̀ sẹ̀kọ́ríìtì, ó ní Ọlọ́run ló fún òun. Ọ̀kan wà lọ́dọ̀ màámi tó ń din àkàrà ní géètì, èéfín ti sọ funfun ẹ̀ di ìyeyè, mi ò tiẹ̀ lè gbà á títí mo fi ra àkàrà ₦500. Méjì wà ní fellowship, orí ọ̀kan nínú wọn ni olórin jókòó sí, mo ní láti dúró kí wọ́n parí ìyìn, mo sì bá wọn kọrin.

Ó ṣẹ́ ku ọ̀kan. Mo wá a títí ilẹ̀ fi ṣú. Ìgbà tó yá mo ní kí n lọ sọ fún President pé a ti rí mẹ́fà, mo kan ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀, ó ní wọlé. Ó ń jẹ ìrẹsì. Mo wo ìdí ẹ̀. Mo ní President, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde.

Ó ní òun rò pé ti ọ́fíìsì ni.

GenSec_Àná:
Ṣì kọ lẹ́tà yẹn. Fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí Speaker.